Nígbà tí Òkè bá Ti Ilẹ̀kùn Mọ́ Wa: Bí a ti Lè fi Ajá Ṣeré nínú Ilé ní Àkókò Ìsinmi

Ó jẹ́ àṣà àwọn ará Yúróòpù, àti ti àwọn kan nínú ọmọ ilẹ̀ wa tí wọ́n fi ibẹ̀ ṣe ibùgbé, láti lọ sinmi lórí òkè nígbà tí iṣẹ́ bá dáwọ́ dúró. Wọn a kó aya, wọn a kó ọmọ, wọn a sì mú ajá ilé dání pẹ̀lú. Ohun tí ó wà lọ́kàn olúkúlùkù ni afẹ́fẹ́ tútù, ọ̀nà ẹsẹ̀ láàrin igi, àti pápá tí ajá yóò ti máa sáré bí ó ti wù ú. Ṣùgbọ́n òkè kì í ṣe ẹrú ẹnikẹ́ni. Oòrùn lè yọ ní òwúrọ̀, kí kùrukùru sì bo gbogbo ilẹ̀ kí ó tó di ọ̀sán. Òjò lè rọ̀ láti àárọ̀ títí di alẹ́. Òjò dídì sì lè bo ojú ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kò ní í mọ ibi tí ilẹ̀ parí sí àti ibi tí ọ̀gbun bẹ̀rẹ̀. Nígbà náà ni olúkúlùkù yóò wọlé. Bàbá yóò mú ìwé ìròyìn, ìyá yóò mú iṣẹ́ abẹ́rẹ́, àwọn ọmọ yóò mú ayò tàbí fóònù wọn. Kí ni ajá yóò mú? Ìbéèrè yìí ni a fẹ́ dáhùn lónìí.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ajá tí kò rí nǹkan ṣe nínú ilé onílé yóò wá nǹkan ṣe fún ara rẹ̀. Yóò họ ilẹ̀kùn, yóò ya ìrọ̀rí, yóò sì máa gbó sí gbogbo ẹsẹ̀ tí ó bá ń kọjá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Onílé yóò bínú, yóò sì gba owó ohun tí ó bàjẹ́. A ó na ajá fún ẹ̀ṣẹ̀ tí kò yé e. Ìsinmi tí a fi owó ọdún kan pamọ́ fún yóò sì di ọjọ́ ìbínú. Adìẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ. Àwọn mìíràn tilẹ̀ wà tí wọ́n ti ibẹ̀ pinnu pé àwọn kò ní í tọ́jú ajá mọ́, tí wọ́n sì fi ẹran tí kò ṣẹ̀ wọ́n ta ẹlòmíràn lọ́rẹ. Bẹ́ẹ̀ ni oògùn ọ̀ràn yìí kò wọ́n. Ajá tí a sé mọ́lé kò fẹ́ oúnjẹ púpọ̀ jù, kò sì fẹ́ ìbáwí púpọ̀. Iṣẹ́ ni ó ń fẹ́, pàápàá jù lọ iṣẹ́ imú.

ILÉ KAN LÓRÍ ÒKÈ SAINT BERNARD

Kí a tó máa ka eré náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ jẹ́ kí a wo ibì kan tí ajá àti ènìyàn ti jọ ń gbé nínú ilé kan náà lórí òkè láti ìgbà pípẹ́. Láàrin ilẹ̀ Swítsàlandì àti ilẹ̀ Ítálì, ọ̀nà kan wà tí ó la àwọn òkè Alps já, tí a ń pè ní Great Saint Bernard. Gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 2,469 sí ojú òkun. Ní nǹkan bí ọdún 1050, Bernard, ẹni tí í ṣe olórí àwọn díákónì ní ìlú Aosta, dá ilé ìgbàlejò kan sílẹ̀ níbẹ̀ fún àwọn arìnrìn-àjò, nítorí pé òtútù àti àwọn ọlọ́ṣà ń pa wọ́n lójú ọ̀nà. Ilé náà ń bẹ níbẹ̀ títí di òní yìí, àwọn àlùfáà Ìjọ Àgùdà ni ó sì ń gbà àlejò nínú rẹ̀. Láti nǹkan bí oṣù October títí wọ oṣù June, òjò dídì a máa dí ojú ọ̀nà mọ́tò ibẹ̀ pátápátá. Ẹni tí ó bá fẹ́ dé ilé náà nígbà náà, pátákó gígùn tí a ń so mọ́ ẹsẹ̀ láti fi yọ̀ lórí òjò dídì ni yóò fi gòkè, tàbí bàtà tí a ṣe fún un.

Láàrin ọdún 1660 sí 1670 ni a gbà pé àwọn ajá ńlá kọ́kọ́ dé ilé yìí, kí wọ́n lè máa ṣọ́ ọ. Nígbà tí ó yá, àwọn afinimọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í mú wọn dání, a sì rí i pé imú wọn a máa gbọ́ òórùn ẹni tí òjò dídì ti bò mọ́lẹ̀. Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù nínú wọn ni Barry, tí a bí ní ọdún 1800. Ìtàn sọ pé ènìyàn tí ó gbà là ju 40 lọ. Ní ọdún 1812 a mú un lọ sí ìlú Bern kí ó lè sinmi ní ọjọ́ ogbó rẹ̀. Níbẹ̀ ni ó sì kú sí ní ọdún 1814. A fi nǹkan kún awọ rẹ̀, ó sì dúró bí ẹni tí ó wà láàyè nínú ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀dá tí ó wà ní Bern.

Gbogbo ayé ni ó mọ iṣẹ́ tí ajá wọ̀nyí ṣe ní ìta. Àwọn tí ó mọ èyí tí wọ́n ṣe nínú ilé kò pọ̀. A rí i nínú ìtàn ilé náà pé ní ọdún 1708 ẹni tí ń ṣe olórí ilé ìdáná ṣe kẹ̀kẹ́ ńlá kan; ajá a wọ inú kẹ̀kẹ́ náà, a máa rìn, kẹ̀kẹ́ a sì máa yí irin tí a fi gún ẹran lórí iná. Àwa kò wí pé kí ẹnikẹ́ni fi ajá rẹ̀ sun ẹran lónìí, nítorí iṣẹ́ líle ni, ooru iná sì ń bẹ níbẹ̀. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ rí ni pé àwọn tí ń gbé ilé tí òjò dídì sé mọ́ fún oṣù mẹ́jọ kò fi ajá sílẹ̀ ní igun bí àpótí.

Lọ́jọ́ òní, ọkọ̀ òfuurufú àti ẹ̀rọ ni a fi ń wá ẹni tí ó sọnù lórí òkè náà jù. Láti ọdún 2005 ẹgbẹ́ kan tí a ń pè ní Fondation Barry ni ó ń tọ́jú ajá wọ̀nyí. Ìlú Martigny tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń gbé ní àkókò òtútù. Ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn a máa ń mú díẹ̀ nínú wọn padà gòkè. Ẹ sì wo iṣẹ́ tuntun tí a kọ́ àwọn kan nínú wọn: wọ́n ń lọ kí àwọn arúgbó àti àwọn aláìsàn nínú ilé tí a ti ń tọ́jú wọn. Iṣẹ́ inú ilé ni èyí pẹ̀lú. Ajá tí baba ńlá rẹ̀ ń wa òjò dídì ti kọ́ láti dúró jẹ́ẹ́ lẹ́bàá ibùsùn. Bí ó bá ṣeé ṣe fún ẹran tí ó tóbi tó bẹ́ẹ̀, yóò ṣeé ṣe fún ajá ilé tiwa.

ẸNÍ RẸ̀ NI Ẹ KỌ́KỌ́ TẸ́

Nígbà tí ẹ bá dé ilé tí ẹ yá, kí ẹ tó tú ẹrù, ẹ fi okùn mú ajá yí gbogbo yàrá ká, kí ó gbóòórùn ohun gbogbo. Lẹ́yìn èyí ẹ tẹ́ ẹní tàbí aṣọ tí ó ń sùn lé ní ilé sí igun kan tí ó jìnnà sí ẹnu ọ̀nà àti sí iná. Ẹ má ṣe fọ aṣọ náà kí ẹ tó lọ. Òórùn ilé tí ó wà lára rẹ̀ ni yóò sọ fún un pé kò sọnù. Ẹ gbé omi sí ìtòsí rẹ̀ nígbà gbogbo.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ eré kankan, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ẹ fi ojú ajá wo ilé náà. Ẹ wá oògùn eku tí onílé lè ti fi sí ẹ̀yìn àpótí. Ẹ gbé ṣokoléètì kúrò lórí tábìlì kékeré. Ilẹ̀ Swítsàlandì kún fún un, kò sì sí ilé ìsinmi tí a kì í ti bá a. Kókó tí àwọn àgbẹ̀ wa ń gbìn ni a fi ń ṣe é. Ohun kan sì wà nínú kókó tí ara ènìyàn a tètè borí, ṣùgbọ́n tí ó máa ń pẹ́ nínú ara ajá, tí ó sì lè mú kí àyà rẹ̀ máa lù kìkì títí yóò fi kú. Bí ṣokoléètì náà bá ti dúdú tó, tí ó sì korò tó, bẹ́ẹ̀ ni ewu rẹ̀ ti pọ̀ tó. Èso àjàrà tútù àti gbígbẹ, àlùbọ́sà, àti ṣingọ́ọ̀mù tí a fi adùn tí a ń pè ní xylitol sí, gbogbo wọn ni májèlé fún ajá. Ẹ bi onílé léèrè ibi tí oníṣègùn ẹran wà ní ọjọ́ tí ẹ dé, kí ó má baà jẹ́ pé ní òru ni ẹ óò máa wá a.

IṢẸ́ IMÚ

Àwọn ọ̀mọ̀wé sọ pé ohun tí ń gba òórùn nínú imú ajá ju mílíọ̀nù 100 lọ. Ti ènìyàn kò ju nǹkan bí mílíọ̀nù 6. Àwọn ọdẹ ilẹ̀ wa kò ka iye rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé ajá ń ríran pẹ̀lú imú. Nítorí náà ajá tí ó lo imú rẹ̀ dáradára fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yóò rẹ̀, yóò sì wá ibi sùn bí èyí tí ó ti rin ọ̀nà jíjìn.

Eré èkíní ni wíwá oúnjẹ. Ẹ mú díẹ̀ nínú oúnjẹ tí ajá yóò jẹ ní ọjọ́ náà. Ẹ má ṣe bù kún un, kí ó má baà sanra. Ní ìgbà àkọ́kọ́ ẹ gbé ẹyọ kan sílẹ̀ lójú rẹ̀, kí ẹ sì wí pé, “Wá a!” Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà bá ti yé e, ẹ fi ẹyọ kan sí ẹ̀yìn ẹsẹ̀ àga, òmíràn sí abẹ́ etí ẹní, òmíràn sínú bàtà. Ní ọjọ́ kejì ẹ mú un dúró sí òde yàrá nígbà tí ẹ bá ń fi í pamọ́. Ẹ má ṣe nàka sí i. Bí ó bá pẹ́ kí ó tó rí i, ẹ dákẹ́. Wíwá náà gan-an ni èrè rẹ̀.

Eré kejì ni ti aṣọ ìnura. Ẹ tẹ́ aṣọ ìnura àtijọ́ sílẹ̀, ẹ wọ́n oúnjẹ sí i lójú, ẹ ká a bí ẹní, kí ẹ sì gbé e fún ajá. Yóò fi imú tì í, yóò fi ọwọ́ tú u. Bí ó bá ti mọ̀ ọ́n tán, ẹ ta á ní kókó kan tí kò le.

Eré kẹta ni ti ife mẹ́ta. Ẹ dojú ife mẹ́ta délẹ̀, kí oúnjẹ wà lábẹ́ ọ̀kan ṣoṣo, kí ẹ sì yí wọn ní ipò padà díẹ̀díẹ̀. Ife tí kì í fọ́ ni kí ẹ lò. Eré yìí dára fún ajá tí ó ti darúgbó tàbí tí ẹsẹ̀ ń dùn, nítorí ó lè dùbúlẹ̀ ṣe é.

Eré kẹrin ni a fẹ́ràn jù, nítorí gbogbo ilé ni ó ń bá a ṣe é. Kí ẹnìkan di ajá mú. Kí ọmọ kan lọ fara pamọ́ sí ẹ̀yìn aṣọ fèrèsé tàbí sí yàrá kejì, kí ó sì pe orúkọ ajá lẹ́ẹ̀kan péré. Kí a wá jọ̀wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ajá bá rí ọmọ náà, kí inú gbogbo yín dùn, kí ọmọ sì fún un ní nǹkan díẹ̀ jẹ. Iṣẹ́ Barry gan-an ni èyí, àfi pé kò sí òjò dídì níbẹ̀. Èrè rẹ̀ sì pọ̀ ju eré lọ. Lórí òkè, tí kùrukùru bá dé lójijì, ajá tí ó mọ̀ pé ayọ̀ ń bẹ lẹ́nu ẹni tí ń pè é yóò yí padà ní etí ọ̀gbun. Àwọn àgbà wí pé ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Inú ilé, níbi tí kò sí ìdẹwò, ni a ti ń kọ́ ọ láti gbọ́ fèrè.

IṢẸ́ ORÍ ÀTI IṢẸ́ ẸNU

Ẹ lè fi ọjọ́ òjò kọ́ ajá ní orúkọ nǹkan. Ẹ mú bọ́ọ̀lù kan àti okùn kan. Ẹ gbé bọ́ọ̀lù nìkan sílẹ̀ ní ọjọ́ kan, kí ẹ máa dárúkọ rẹ̀ bí ó ti ń gbé e. Ní ọjọ́ kejì kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú okùn. Ní ọjọ́ kẹta kí ẹ gbé méjèèjì sílẹ̀ kí ẹ wò ó bóyá yóò yan èyí tí ẹ dárúkọ. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Bí ó bá ṣìnà, ẹ má ṣe jágbe mọ́ ọn. Ẹ tún un ṣe bí ẹni pé kò sí nǹkan.

Ẹ kọ́ ọ pẹ̀lú láti lọ sórí ẹní rẹ̀ nígbà tí ẹ bá wí bẹ́ẹ̀, kí ó sì dúró níbẹ̀. Nígbàkigbà tí ó bá dùbúlẹ̀ sórí rẹ̀ tí ara rẹ̀ balẹ̀, ẹ rọra fi oúnjẹ díẹ̀ sí iwájú rẹ̀. Ẹ óò rí èrè ẹ̀kọ́ yìí nígbà tí àlejò bá kan ilẹ̀kùn, àti nígbà tí ẹ bá ń jẹun.

Jíjẹ nǹkan lẹ́nu a máa tu ajá nínú. Ẹ wá ohun ìjẹmọ́lẹ́nu tí a fi rọ́bà líle ṣe lọ́dọ̀ àwọn tí ń ta ohun èlò ajá, kí ẹ sì fi oúnjẹ rírọ̀ kún ihò inú rẹ̀. Ẹ má ṣe fún un ní egungun tí a ti sè, nítorí ó máa ń fọ́ sí ṣóńṣó tí ó lè gún ìfun. Ẹ má sì ṣe ju bọ́ọ̀lù sí orí àtẹ̀gùn tàbí sórí pátákó dídán. Ọ̀pọ̀ ajá ti fi ibẹ̀ rọ́ lẹ́sẹ̀.

ÀWỌN ỌMỌ ILÉ ŃKỌ́?

Ẹ̀yin ìyá, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Nígbà tí òjò bá sé ọmọ àti ajá mọ́ yàrá kan, kí àgbàlagbà kan máa wà láàrin wọn nígbà gbogbo. Kí ọmọ má ṣe gun ajá, kí ó má ṣe fà á létí, kí ó má sì ṣe fọwọ́ kàn án nígbà tí ó bá ń jẹun tàbí tí ó bá ń sùn. Ẹní ajá ni yàrá rẹ̀. Ọmọ kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Bí ajá bá ń yí orí kúrò, tí ó ń lá ètè rẹ̀ nígbà tí kò sí oúnjẹ, tàbí tí funfun ojú rẹ̀ ń hàn, ó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí a fi òun sílẹ̀. Kí a gbọ́ ẹ̀bẹ̀ náà kí ó tó fi eyín sọ ọ́. Ọmọ tí ó bá kọ́ èyí ti kọ́ ìwà pẹ̀lẹ́ tí yóò bá a dàgbà.

BÍ YÀRÁ BÁ SÚ YÍN

Ọkọ̀ ojú irin pàápàá jẹ́ ilé ní ọjọ́ òjò. Ní Swítsàlandì, ajá kékeré tí gíga rẹ̀ ní èjìká kò ju sẹ̀ǹtímítà 30, tí ó sì wà nínú agbọ̀n tàbí àpò, kì í san owó ọkọ̀. Èyí tí ó bá tóbi jù bẹ́ẹ̀ yóò san ìdajì owó. Ọkọ̀ ojú irin kékeré kan ń ti Martigny gòkè lọ sí Orsières ní ọ̀nà Saint Bernard. Láti ojú fèrèsé rẹ̀ ni a ti lè wo odò àti òkè láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tutù. Ẹ tẹ́ ẹní ajá sí ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ yín, ẹ óò sì rí i pé ẹ̀kọ́ tí ẹ kọ́ ọ nínú yàrá bá a wọ ọkọ̀.

Ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ níbẹ̀ a máa gba ajá sí abẹ́ tábìlì, ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n léèrè kí ẹ tó wọlé. Bí ibì kan kò bá gba ajá, kí ẹnìkan nínú yín dúró tì í, kí ẹ sì máa pààrọ̀ ara yín. Ẹ má ṣe tì í mọ́ inú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́: ní àkókò òtútù yóò gan, ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn ooru yóò pa á, kódà bí afẹ́fẹ́ ìta bá tutù. Ẹ má sì ṣe dá a fi sílẹ̀ nínú yàrá tuntun ní ọjọ́ tí ẹ dé. Ẹ jáde fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ padà. Lẹ́yìn náà ìṣẹ́jú márùn-ún. Títí yóò fi mọ̀ pé ẹni tí ó bá jáde yóò padà.

Àní ní ọjọ́ tí ojú ọ̀run burú jù, ajá gbọ́dọ̀ jáde fún ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹ fi okùn mú un, kí ó má sì pẹ́. Bí ẹ bá wọlé, ẹ nu ara rẹ̀ gbẹ, kí ẹ yọ òjò dídì tí ó dì sáàrin ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ iyọ̀ tí a dà sí ojú ọ̀nà kúrò ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kí ó tó lá a. Bí ẹ bá ṣe é ní pẹ̀lẹ́, èyí náà yóò di eré láàrin yín.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ wa, kò sí èyí tí a kà sílẹ̀ yìí tí ó béèrè owó púpọ̀. Aṣọ ìnura àtijọ́, ife mẹ́ta, ẹ̀kúnwọ́ oúnjẹ kan, àti sùúrù: ìwọ̀nyí ni gbogbo ohun èlò rẹ̀. Wọn kò sì béèrè òkè. Ẹni tí ó wà ní Ìbàdàn tàbí ní Èkó tí òjò oṣù July sé mọ́lé pẹ̀lú ajá rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ òní. Ẹran tí a mú kúrò nínú ilé rẹ̀, tí a gbé gun òkè tí kò bẹ̀ wá pé kí a gbé òun gùn, ní ẹ̀tọ́ kan lọ́rùn wa: kí á má ṣe jẹ́ kí ọjọ́ tí ó bá wa sé mọ́lé di ọjọ́ ìyà fún un. Ẹ kú ìsinmi o.